Ọrun ẹlẹ́ṣin kan bọ́ sí mi lọ́wọ́, mi ò mọ irú rẹ̀: báwo ni kí n ṣe fi tafà?

Ọmọ_Apó:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà tafàtafà. Ẹnìkan tó ń palẹ̀ ilé mọ́ ló gbé ọrun kan fún mi. Ó ní ti ẹ̀gbọ́n òun ni, ẹ̀gbọ́n náà ti fi ọfà títa sílẹ̀ tipẹ́, òun fúnra òun ò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọrun gígùn tí wọ́n fi igi kan ṣoṣo gbẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n ta, ó ti tó ọdún mẹ́ta. Èyí ò jọ ọ́ rárá. Ó kúrú, awọ bò ó láti òkè délẹ̀, orí rẹ̀ méjèèjì yọ gbọọrọ bí ìwo ẹtu. Tí ọsán, ìyẹn okùn tí a fi ń fà á, ò bá sí lára rẹ̀, ṣe ló ń ká lọ sí òdìkejì. Kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é níbì kankan. Wọ́n fi okùn pupa wé ibi ìdìmú, wọ́n ya òdòdó sára awọ rẹ̀. Ọsán kan wà nínú àpò tó bá a wá, ṣùgbọ́n mi ò tíì kọ́ ọ. Irú ọrun wo lèyí? Ṣé mo lè máa fà á? Mo gbọ́ pé ti àwọn Mongol ni gbogbo ọrun tó bá ti rí báyìí.

Ọ̀kánjúà_Ọfà:
Ti Mongol ni jàre. Ṣé o ò rí òdòdó ni? Kọ́ ọsán sí i, fà á dé etí, kí o wo bó ṣe máa rí.

Ìyá_Tafàtafà:
Orúkọ ń ro ọmọ lóòótọ́. Ọmọ_Apó, má dá Ọ̀kánjúà lóhùn. Má kọ́ ọsán, má fà á, títí a ó fi mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Òdòdó ò sọ nǹkan kan fún wa. Ẹni tó bá ní awọ àti ọ̀dà lè ya òdòdó tó wù ú. Orí ọrun ni kí o wò, ìyẹn ibi ṣóńṣó tó le, tí kì í tẹ̀ nígbà tí a bá ń fà á. Síyà ni wọ́n ń pè é. Síyà yẹn gùn tó mélòó? Ṣé ó ṣẹ́ kọ́rọ́ níbi tó ti pàdé apá ọrun ni, àbí ó kàn ń rọra tẹ̀ lọ? Ǹjẹ́ igi tàbí egungun kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ síyà tí ọsán máa ń gbé orí lé? Èmi ń pè é ní ìrọ̀rí ọsán. Ṣé apá òkè àti ti ìsàlẹ̀ gùn dọ́gba? Kí o sì wọn gbogbo rẹ̀ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, tẹ̀ lé ara rẹ̀ bó ṣe ká.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ọrun:
Ìyá ti béèrè ohun tó yẹ. Kó tó wọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe.

Tí ìrọ̀rí ọsán bá wà, tí ó hàn gbangba, tí síyà gùn tó sì nípọn, tí ọrun náà fúnra rẹ̀ sì tóbi, ìran Manchu, àwọn ará àríwá ìlà-oòrùn China, la máa kọ́kọ́ fura sí. Ọrun ńlá ni, ọfà gígùn tó wúwo ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n sì máa ń fà á kọjá etí. Èyí tí àwọn ará Mongolia ń lò lónìí, tí àwọn ọkùnrin wọn fi ń ta ohun tó wà ní mítà 75 níbi ayẹyẹ Naadam, ìran Manchu yìí ló ti yọ, nítorí ìjọba Qing, tí àwọn Manchu gbé kalẹ̀ ní China, ló ṣàkóso wọn fún ìgbà pípẹ́. Torí náà, ẹni tó bá ń sọ pé ọrun tí òun rà lónìí ni Genghis Khan, ọba àwọn Mongol láyé àtijọ́, fi jagun, ẹ bá a rẹ́rìn-ín.

Tí kò bá sí ìrọ̀rí, tó kúrú, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí orí rẹ̀ ń rọra tẹ̀ bí ìtẹ̀ ètè, ẹ wo ìhà Turkey. Òun ni wọ́n fi ń ta ọfà kọjá mítà 800 ní Okmeydanı, pápá ọfà títa kan ní Istanbul, láyé àtijọ́. Wọ́n máa ń ri òkúta mọ́lẹ̀ nígbà náà láti fi sàmì ibi tí ọfà balẹ̀ sí. Ti Korea náà kúrú. Tí wọ́n bá tú ọsán rẹ̀, ó lè ká tó bẹ́ẹ̀ tí orí méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Mítà 145 ni wọ́n ń dúró sí láti ta ohun tí wọ́n ń ta. Ti Hungary ní síyà gígùn tó nà tààrà, tó ṣẹ́ kọ́rọ́, kò sì ní ìrọ̀rí. Nínú ibojì àwọn Magyar (baba ńlá àwọn ará Hungary) ọ̀rúndún kẹwàá, igi àti iṣan ọrun wọn ti jẹrà, àwo egungun tí wọ́n fi há síyà àti ibi ìdìmú nìkan ló kù fáwọn tó ń walẹ̀. Tí apá òkè bá gùn ju ti ìsàlẹ̀, àwọn tó ń ṣe ọrun Hun, ìyẹn ti àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin kan láyé àtijọ́, ló sábà máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí o: ọ̀pọ̀ ọrun ẹlẹ́ṣin tó wà níta báyìí jẹ́ àdàlú. Ẹni tó ṣe é á mú orí ti ibì kan, á mú apá ti ibòmíràn, á wá fi awọ bò ó. Irú rẹ̀ lè má ní orúkọ kankan.

Baba_Ẹlẹ́ṣin:
Kí a tó máa ṣàríyànjiyàn orúkọ, ohun tí wọ́n fi ṣe é ló jẹ mí lógún. Ọrun àtijọ́ gidi, ìwo ẹran ló wà nínú rẹ̀ (ìhà tó kọjú sí ẹni tó ń ta), igi wà láàárín, iṣan ẹran wà lẹ́yìn, àtè tí wọ́n sè láti ara awọ tàbí ẹja ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá tutù rin, agbára rẹ̀ á dín, àtè náà sì lè tú. Ti òde òní, fáíbàgíláàsì ni, tàbí fáíbàgíláàsì tó gbá igi mọ́ àárín. Òun ò bìkítà ojú ọjọ́ tó bẹ́ẹ̀, àyàfi kí o fi í sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa.

Wo ibi tí awọ bá ti ṣí díẹ̀, létí orí tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdìmú. Fáíbàgíláàsì máa ń mọ́ra, ó máa ń dán, wàá rí fọ́nrán rẹ̀ tó tò lọ gbọọrọ gbọọrọ. Má gé awọ nítorí àtirí i, má sì fi iná kàn án.

Ẹ̀kẹta tún wà tí ẹ gbàgbé: èyí tí wọ́n ṣe fún ara ògiri. Òun ló máa ń ní ọ̀ṣọ́ jù. Igi lásán ni wọ́n fi awọ wé, wọ́n lè kan ìṣó mọ́ ọn, ọsán rẹ̀ á dà bí okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù. Tí tìrẹ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gbé e kọ́ ògiri.

Ọmọ_Apó:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti wọ̀n ọ́n. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 142 cm. Síyà kọ̀ọ̀kan tó 20 cm, ó nà tààrà, ó ṣẹ́ kọ́rọ́. Kò sí ìrọ̀rí kankan. Apá méjèèjì dọ́gba. Awọ ti ṣí díẹ̀ nísàlẹ̀ orí kan, ohun funfun tó ń dán, tó ní fọ́nrán, ni mo rí níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, mo rí ohun tí wọ́n fi báírò kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdìmú: 4, nọ́ńbà kan tó ti parẹ́, lẹ́yìn náà 28. Ohun kan tún yà mí lẹ́nu: lókè ibi ìdìmú, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, awọ ti jẹ, ó dúdú, ó sì ń yọ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì dà bí tuntun.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ọrun:
Ó tán. Ọrun òde òní ni, fáíbàgíláàsì, ìrísí Hungary. Báírò yẹn ń sọ pé tí wọ́n bá fà á dé íǹṣì 28, ó gba pọ́n-ùn ogójì lé díẹ̀. Má rò pé 28 yẹn ni òpin rẹ̀ o. Ibi tí gbogbo wa gbà láti máa wọn agbára ọrun sí ni. Ọrun kan lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn lè kán kó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí a kò mọ ẹni tó ṣe é, 28 ni ibi tí o máa fà á dé, o ò ní kọjá rẹ̀.

Àtàǹpàkò:
Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tó jẹ yẹn ni ẹ kò kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ló sọ̀rọ̀ jù! Ọfà ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fà, tó bá fi ìka mẹ́ta fà á bí ẹ ṣe ń fa ọrun gígùn, òsì ni ọfà máa ń wà. Ẹni tó bá fi àtàǹpàkò fà, ọ̀tún ni. Ẹ̀gbọ́n yẹn fi àtàǹpàkò ta ọrun yìí fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ_Apó, tún wo inú àpò yẹn bóyá wàá rí òrùka tí wọ́n ń fi sí àtàǹpàkò láti fa ọsán.

Ìyá_Tafàtafà:
Àbí kó jẹ́ alọ́wọ́ òsì tó ń fi ìka mẹ́ta fà.

Àtàǹpàkò:
Haa. Ìyá ti mú mi.

Ọmọ_Apó:
Ó wà níbẹ̀! Òrùka aláwọ, wọ́n rán an, ihò rẹ̀ kéré. Ìsàlẹ̀ àpò ló há sí. Mo ti rò pé nǹkan ọmọdé ni.

Àtàǹpàkò:
😀 Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà fún mi.

Baba_Ẹlẹ́ṣin:
Ọ̀rọ̀ ọsán ló kù. Ọrun tó ká sí òdìkejì ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, èmi náà wà lára wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ní irú rẹ̀, mo rò pé ibi tó ká sí ni inú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, mo kọ́ ọsán, mo tilẹ̀ ń yin ara mi pé ó rọrùn. Ọ̀gá mi wọlé, ó wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ti kọ́ ọ ní àkọ́yìn. Ká ní mo fà á bẹ́ẹ̀, á ti ya sí wẹ́wẹ́. Ní tìrẹ, síyà gbọ́dọ̀ nà síwájú, kúrò lọ́dọ̀ rẹ, nígbà tí ọsán bá wà lára rẹ̀. Tẹ ọrun náà lòdì sí ibi tó ti ká sí.

Má lo ọsán àtijọ́ yẹn. Wá tuntun tí wọ́n fi Dacron (irú fọ́nrán políẹ́sítà kan) ṣe, ó máa ń nà díẹ̀, kì í na orí ọrun ní ìnà burúkú. Àwọn fọ́nrán òde òní tí kì í nà lè ṣẹ́ orí ọrun tí wọn ò fi nǹkan mú le. Wọn gígùn ti àtijọ́ kí o fi ra ti tuntun, tí ti àtijọ́ bá fún ọ ní àyè tó tọ́. Àyè yẹn, láti ibi ìdìmú dé ọsán, fi ìkúùkù lé ìdìmú kí o na àtàǹpàkò sókè: kó kan ọsán. Bíi 15 sí 18 cm.

Fún kíkọ́ rẹ̀, lo okùn ìkọ́-ọsán tó ní àpò méjì tí wọ́n ń fi bọ orí ọrun. Àwọn kan máa ń gbé ẹsẹ̀ kọjá inú ọrun, wọ́n á fi itan tẹ̀ ẹ́. Èmi náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni apá ọrun ti sábà máa ń lọ́. Tí o bá kọ́ ọ tán, má tíì fà á. Dì í mú ní iwájú rẹ kí o wò ó láti orí dé ìdí: ọsán gbọ́dọ̀ gba àárín apá méjèèjì kọjá. Tí síyà kan bá wo ẹ̀gbẹ́, tú u kíákíá. Síyà gígùn tó lọ́ lè ju ọsán nù nígbà tí o bá ń fà á, ọrun á sì yí padà sí ọ lójú.

Ọ̀kánjúà_Ọfà:
Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo ta tèmi lófìfo nígbà kan, láìfi ọfà sí i, mo kàn fẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀. Ó dún bí ìbọn. Wọ́n ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Tèmi di ọ̀pá méjì.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ọrun:
Ó ṣeun tó o sọ ọ́. Agbára tó yẹ kó bá ọfà lọ ló padà sínú apá ọrun. Ọfà tó fúyẹ́ jù ń ṣe ìdajì iṣẹ́ ibi yẹn, ìyẹn ni mo fi ń sọ fáwọn ènìyàn pé kí ọfà wúwo tó gíréènì 10 fún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Tí ọrun bá jẹ́ pọ́n-ùn 45, ọfà kan á jẹ́ gíréènì 450, ìyẹn bíi gíráàmù 29. Gbé e sórí òṣùwọ̀n, má fojú díwọ̀n. Ìyẹ́ ẹyẹ ni kó wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe ti rọ́bà, torí ara ọwọ́ rẹ lọ́fà máa gbà kọjá. Ọrun yìí ò ní àtẹ́lẹ̀ tí ọfà máa gùn lé.

Láti mọ agbára rẹ̀ gan-an, fi òṣùwọ̀n ìkọ́ fa ọsán, kí ẹnìkan máa wo gígùn. Íǹṣì 26 àti ìdá kan nínú mẹ́rin láti ọsán dé inú ìdìmú, kí o fi 1 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kún un, ó di 28. Rọra fà á: 20, dúró, tú u padà; 22, dúró, tú u padà. Máa fetí sílẹ̀. Tí o bá gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́, ó parí nìyẹn. Wò ó pẹ̀lú, bóyá apá méjèèjì ń tẹ̀ dọ́gba. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ lo máa fi dá ọsán padà o, má jù ú sílẹ̀.

Ìyá_Tafàtafà:
Ní ti bó ṣe máa ta á, èmi ò bá Àtàǹpàkò jiyàn mọ́, ṣùgbọ́n kí ó fi ìka mẹ́ta tó ti mọ́ ọn lára ta á fún ọ̀sẹ̀ kan ná. 142 cm kò kúrú débi tí ọsán á fi fún un níka pọ̀. Kó kọ́kọ́ mọ ọrun. Ẹni tó bá ń kọ́ ọrun tuntun àti ọwọ́ tuntun lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èwo ló ń ṣi òun lọ́nà.

Àtàǹpàkò:
Mo fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn mí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn: ká àtàǹpàkò mọ́ ọsán lábẹ́ ọfà, fi ìka ìfábẹ̀lá dì í ní èékánná, kí ẹ̀gbẹ́ ìka yẹn rọra ti ọfà mọ́ ara ọrun. Ọfà á wà lọ́tùn-ún, lórí àtàǹpàkò ọwọ́ tó di ọrun mú. Tí o kò bá ti ọfà díẹ̀, á máa já bọ́. Tí o bá tì í jù, á tẹ̀. Òrùka aláwọ yẹn dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ti ìwo tàbí ti irin lè dúró. Tí o bá fẹ́ jù ú sílẹ̀, tú ìka ìfábẹ̀lá, má ronú nípa àtàǹpàkò, ọsán á mú ara rẹ̀ lọ.

Ẹ ṣọ́ra ohun kan: àwọn tó ń fi àtàǹpàkò fà máa ń fà dé etí, ó sì máa ń kọjá 28 láìmọ̀. Fi ọ̀dà sàmì sára ọ̀pá ọfà níbi tí 28 wà, kí ẹnìkan máa ṣọ́ ọ.

Ọmọ_Apó:
Ìròyìn dé. Òṣùwọ̀n dúró sí pọ́n-ùn 42 ní 28. Kò sí kẹ́-kẹ́-kẹ́. Mo ti ta á láti mítà 7, ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ìka mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin pẹ̀lú àtàǹpàkò. Ìka mẹ́ta lọ dáadáa. Ti àtàǹpàkò, wàhálà méjì: ìyẹ́ ọfà ti gé mi lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ sì yọ, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọfà mi ń lọ sọ́tùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mítà. Ọfà kan náà ni mo fi ń ta méjèèjì.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ọrun:
Níbi tí ìyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níwájú, fi òwú wé e ní ìgbà bíi mẹ́wàá kó jókòó pẹlẹbẹ, kí o ta gọ́ọ̀mù sí i. Ṣóńṣó ìdí ìyẹ́ ló gé ọ. Wọ ìbọ̀wọ́ títí ọgbẹ́ yóò fi jinná, kí o sì gbé ibi tí o ń fi ọfà há ọsán sókè díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà kan.

Àtàǹpàkò:
Ọ̀tún nígbà tí ọfà wà lọ́tùn-ún: ọ̀pá ọfà rẹ le jù. Ìdìmú wà lójú ọ̀nà ọfà, ọfà ní láti tẹ̀ yípo rẹ̀ kó tó lọ tààrà, èyí tí kò bá tẹ̀ á kàn tàkìtì kúrò lára rẹ̀. Fi orí tó wúwo díẹ̀ sí ọfà kan kí o wò ó, orí tó wúwo máa ń jẹ́ kí ọ̀pá tẹ̀ sí i. Ohun kejì, nígbà tí o bá ju ọsán sílẹ̀, jẹ́ kí ọwọ́ tó di ọrun yí díẹ̀ bí ẹni tó ń fún aṣọ, kí ọrun yà kúrò lọ́nà. Kékeré ni o. Má fi agbára ṣe é, má sì ṣe é ṣáájú ìjùsílẹ̀.

Ọmọ_Apó:
Orí tó wúwo ló ṣe é! Mo pààrọ̀ ti ọfà mẹ́fà. Lónìí, mẹ́rin bọ́ sí àárín, méjì wà lọ́tùn-ún díẹ̀, ọwọ́ mi ò sì ṣẹ̀jẹ̀. Báyìí, ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹṣin tó tutù bí omi àmù. Ṣé kí n gùn ún lọ ta lópin ọ̀sẹ̀ yìí?

Ọ̀kánjúà_Ọfà:
Lọ!

Baba_Ẹlẹ́ṣin:
Rárá. Dúró lórí ilẹ̀, di ọfà mẹ́ta mú pẹ̀lú ọwọ́ tó di ọrun mú, gbójú lé ohun tí o fẹ́ ta, kí o máa fi ọfà há ọsán láìwo ìsàlẹ̀. Ọ̀nà tí Kassai Lajos ará Hungary fi ń kọ́ni, mítà 90 ni ẹṣin máa sá, ohun tí wọ́n ń ta wà láàárín, kò sí àyè láti máa wá ẹnu ọfà kiri. Tí o bá lè há mẹ́ta kí o sì ta wọ́n láìwo ọwọ́ rẹ, ní ìgbà mẹ́wàá tẹ̀léra, padà wá síbí. Kí ọ̀rẹ́ rẹ sì lọ máa dún ọsán lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹṣin yẹn lójoojúmọ́, ọwọ́ ni kó fi ta á pìn-ìn, kí ẹṣin náà mọ ìró rẹ̀ kí o tó gun ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọmọ_Apó:
Mo ti há méjì láìwò. Ẹ̀kẹta já bọ́ sílẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo máa padà wá.